Ìbéèrè Kẹtàlélógún

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, akọ̀wé inú ilé wa,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Ṣé ìka tí o fi ń kọ̀wé kò ro ọ́? Bí o bá béèrè wa, a wà lórí ìdúró, ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu ju ti òsì lọ. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ayùn gé mi lọ́wọ́ láti ogójì ọdún kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gé ọ lẹ́sẹ̀. Wàá kọ́lé, wàá ra mọ́tò, àwọn tó bá ra ìwé rẹ yóò kà á ni, wọn ò ní fi nu gíláàsì fèrèsé.

Má wo bí ọwọ́ mi ṣe nípọn, pẹ́ńsùlù káfíńtà tó máa ń wà létí mi ni mo fi kọ ọ́. Télọ̀ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán wa ní òun fẹ́ bá mi kọ ọ́, mo ní kó máa rán ṣòkòtò rẹ̀ lọ. Ìwé kẹta ni mo dé nílé ìwé, ṣùgbọ́n mo dé e dáadáa, àwọn tó kàwé jù mí lọ ńkọ́, orí àga tí mo kàn ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀gá.

Mo gba àpò ìwé tí o fi ránṣẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ilé ẹjọ́ ló ti wá, ìyá rẹ ti ń kó aṣọ mi sínú báàgì. Ìgbà tí a tú u, ogójì ìbéèrè la bá níbẹ̀ lórí iṣẹ́ káfíńtà, pẹ̀lú orí méje nínú ìwé ìtàn tó ò ń kọ, àti fọ́ọ̀mù kan tó ní kí n fọwọ́ sí i pé mo gbà kí o lo ọ̀rọ̀ mi. Mo mọ irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ bàbá oníbàtà. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìwọ ni, mo tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí i, kí ìka kankan má baà sọ lọ́la pé wọn ò fi tòun ṣe. Télọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí.

Ohun kan wà tó ń yà mí lẹ́nu. O sọ fún mi lórí fóònù pé ìtàn àròsọ ni, pé kò ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni, pé inú orí ara rẹ lo ti mú káfíńtà náà jáde. Ó dáa. Kí wá ni ìwádìí ń wá níbẹ̀? Mo ti rí òpùrọ́ láyé mi, mo ti kan bẹ́ẹ̀dì fún wọn, wọ́n ti jẹ mí ní gbèsè, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí òpùrọ́ tó kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́jọ wá òótọ́ kiri kó tó la ẹnu. Ìyá rẹ ní ọmọ bàbá rẹ ni ọ́, pé ṣé èmi náà máa ń gé igi láìwọ̀n ọ́n ni. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Ọ̀rẹ́ rẹ òǹkọ̀wé tó ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, tó ní òun kì í bi èèyàn ní nǹkan kan, pé òun a kàn dijú ni, ọ̀rọ̀ a sì máa dà wálẹ̀ bí omi, mo ka ìwé rẹ̀ tí o fún ìyá rẹ. Káfíńtà inú rẹ̀ fi ayùn gé pákó mẹ́fà nínú pálọ̀ olówó, eruku igi ẹyọ kan kò sì bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Káfíńtà ni àbí iwin? Má fara wé e. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, gbọ́ tèmi. O ní ìbéèrè bíbi dùn mọ́ ọ débi pé o kò tíì kọ ojú ìwé kan láti oṣù méjì. Káfíńtà tó pọ́n ayùn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ìgbà wo ló fẹ́ gé igi?

Mo ti dáhùn gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè kẹfà ní kí n ṣàlàyé bí ṣọ́ọ̀bù mi ṣe ń rùn. Ta ló ń fẹnu sọ òórùn? Mo bu eruku igi sínú bébà mẹ́ta nínú àpò yìí, rọra tú u níwájú fèrèsé. Èyí tó pupa ni ti igi líle, èyí tó funfun ni ti igi rírọ̀, èyí tó ń rùn bí gúlúù, gúlúù ni. Ìbéèrè kọkànlá ní kí a ya fídíò ṣọ́ọ̀bù. Mo gbá gbogbo ibẹ̀, mo kun ògiri, mo fi aṣọ bo tábìlì iṣẹ́, mo wọ kóòtù. O wò ó tán, o pè, o ní bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí gan-an lo fẹ́. Mo tún ra ìdọ̀tí lọ́wọ́ káfíńtà míì, nítorí mo ti sun tèmi, mo dà á sílẹ̀, a tún un yà. Ní ti ohùn tí o ní kí n gbà sínú fóònù, mo kí i káàárọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kò dáhùn, mo bá a wí fún ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ yẹn, lẹ́yìn náà ni mo dáhùn ìbéèrè. Bí o bá gbọ́ igbe níbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìwọ ni mo ń bá wí.

Lórí àwọn orí méje náà, iṣẹ́ rẹ dára, o jọ mí. Àfi pé káfíńtà yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti àárọ̀ ní orí kẹta, a dé orí karùn-ún, kò tíì jẹun. Ìyá rẹ kò lè sùn. Jọ̀wọ́, fún un lóúnjẹ.

Ó wá ku ìbéèrè kẹtàlélógún, èyí tí o fi bírò pupa fà nídìí. O ní lọ́jọ́ tí a ṣe ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ilé ìwé, irinṣẹ́ wo ló wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, pé kí èmi àti àbúrò mi dáhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìwé náà kò lè parí.

Ẹnu mi lo ti gbọ́ ìtàn ilẹ̀kùn yẹn. Ọdún mọ́kànlá rèé, ọ̀gá ilé ìwé gbé iṣẹ́ fún èmi àti bàbá rẹ kékeré, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Wọ̀nọ́nlẹ́ẹ̀mejì, torí pé kì í wọn nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Òun ló lọ wọn ojú ọ̀nà, èmi ni mo gé igi. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí gbọ̀ngàn, ilẹ̀kùn fi ínǹṣì méjì kúrú. Àwọn àlejò ti jókòó, ọ̀gá ilé ìwé ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, òròmọdìẹ kan gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó rìn láàárín èèyàn títí dé iwájú, àwọn ọmọ ilé ìwé pàtẹ́wọ́ fún un. Mo dìde níbẹ̀, mo nàka sí àbúrò mi lójú gbogbo ayé, mo ní òun ló wọ̀n ọ́n. Ó ní lẹ́ẹ̀mejì lòun wọ̀n ọ́n. Mo ní á jẹ́ pé ó purọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kejì ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òpópónà kejì, láti ìgbà náà, ìyàwó rẹ̀ àti ìyá rẹ ló ń bá wa kí ara wa. Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe kọ ọ́ sí orí keje, pé aláìbìkítà ni àbúrò káfíńtà. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n o tún kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ibẹ̀ kò gún, pé ẹni tó ń wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, báwo ló ṣe ṣìnà?

Mo rán ìyá rẹ sí àbúrò mi pé irinṣẹ́ wo ló mú lọ́jọ́ náà. Ó ní kí ẹni tó ní ẹnu gbé ẹnu rẹ̀ wá. Mo bínú fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin mo rántí pé ìwé rẹ ló ń dúró, mo wọ kóòtù fídíò yẹn, mo mú pépà ìbéèrè dání, mo lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá, ìwé ló rán mi. Ó ní kò burú, pé òun kì í bínú sí ìwé, kí ìwé wọlé kó jókòó. Ó nu bẹ́ńṣì fún ìwé. Mo jókòó.

Mo ka ìbéèrè náà. Ó ní téèpù ìwọ̀n ló wà lọ́wọ́ òun. Mo ní mo mọ̀, téèpù mi. Ó ní rárá o, téèpù tuntun tòun, èyí tóun rà lọ́jà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, tó ń wu òun débi pé àárọ̀ ọjọ́ náà lòun kọ́kọ́ lò ó. Ó wọ inú lọ, ó gbé e jáde, ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ òròmọdìẹ lòun ò ti fọwọ́ kàn án mọ́, pé ọdún mọ́kànlá lòun fi rò pé téèpù náà ló ń parọ́, ojú sì ń ti òun láti sọ pé ayédèrú lòun fowó rà.

Ọmọ mi, ara mi tutù. Ṣé o rántí téèpù mi? Ó ti já lórí, ínǹṣì méjì àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀, orí ínǹṣì kejì ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò dí mi lọ́wọ́ rí, torí òun ni mo fi ń wọn ojú ọ̀nà, òun náà ni mo fi ń wọn igi. Téèpù yẹn ń parọ́, ṣùgbọ́n irọ́ rẹ̀ bára mu, iye tó bá fi kún ojú ọ̀nà náà ló ń fi kún igi, ilẹ̀kùn á sì wọlé ṣinṣin. Àbúrò mi lọ fi téèpù olóòótọ́ wọn ojú ọ̀nà, ó ní ẹsẹ̀ bàtà méje. Èmi fi téèpù òpùrọ́ gé ẹsẹ̀ bàtà méje. Mo rò pé tèmi ló mú lọ. Mi ò bi í. Ìwọ bi mí ní ogójì ìbéèrè nítorí ilẹ̀kùn tí kò sí níbì kankan, èmi ò bi àbúrò mi ní ẹyọ kan ṣoṣo nítorí èyí tó wà.

Mo fa téèpù mi yọ lápò, a tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí bẹ́ńṣì. Ó wò ó. Mo wo òrùlé. Mo ní òrùlé rẹ̀ dára. Ó ní òun ló kàn án. Mo wá sọ ọ́. Mo ní èmi ni. Mo ní kó máà bínú. O mọ̀ mí, mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí, kódà fún ìyá rẹ, torí náà ó pẹ́ kó tó jáde. Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n òun, pé kí n tún un sọ, òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún un sọ.

Nítorí náà, fa orí keje ya. Àbúrò káfíńtà kì í ṣe aláìbìkítà, ìwọ̀n rẹ̀ pé. Ẹ̀gbọ́n ló jẹ̀bi, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo ti fi ìka mẹ́wàá sí i. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n náà rẹwà, kó sì ga.

Lọ́jọ́ Ajé, àwa méjèèjì ń lọ tún ilẹ̀kùn yẹn ṣe, aṣọ àlòkù ni wọ́n fi ń dí abẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Fi owó pákó àti híǹjì ránṣẹ́, torí a ò lè gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé. Fi díẹ̀ kún un fún owó fóònù, kí n lè túúbá fún fóònù tí mo bá wí. Bí o bá gba báńkì fi ránṣẹ́, kò burú, ẹ̀rọ ara ògiri wọn mọ ọmọlúàbí, bó bá fún mi lówó tán á bi mí bóyá mo tún fẹ́ nǹkan míì, èmi a dúpẹ́, màá ní kó kí àwọn ará inú ilé. Má ra téèpù fún mi, àbúrò mi ti fún mi ní tuntun yẹn.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìbéèrè tán lẹ́nu rẹ. Ibi tí o bá fi pẹ́ńsùlù sí, ibẹ̀ ni kí ayùn gbà. Ilẹ̀kùn tí a bá ṣí fún ọ kò ní kúrú, kò ní gùn jù, yóò bá ọ mu.

Èmi ni, bàbá rẹ, káfíńtà àgbà.

Mo fẹ́ gbàgbé. Àbúrò mi náà ní ìbéèrè kan, ó ní kí n fi ṣe ìkọkànlélógójì: ta ló gé orí téèpù mi já? Mo ní fúnra rẹ̀ ló já. Ìyá rẹ ní irọ́ ni mo pa, ó ní ìwọ lo fi sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé páànù gé e nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, o ká a ṣe òrùka, o fi sí mi níka, o ní kí n má bọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè ju téèpù náà nù. Má fi ìyẹn sínú ìwé. Òrùka náà wà nínú àpótí ìṣó mi, mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí, ínǹṣì méjì géérégé ni.