Ọpẹ́ Ẹgba Àná

                                        Ojúlé 14, Òkè Baálẹ̀,
                                        Òṣogbo,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Adétutù, ọmọ ìyá mi àtàtà,

Mo mọ̀ pé èmi àti ìwọ kò mọ ìyá náà, ṣùgbọ́n ohun tí a ti ń pe ara wa láti kékeré nìyẹn, n kò sì ní pààrọ̀ rẹ̀ nítorí àìsí ẹ̀rí. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Awóyẹmí ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jinná láti ìgbà tí àdá ti ṣèèṣì bá a nínú oko kòkó? Tómilọ́lá ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn, àbí ó ṣì ń fi ìdí wọ́ káàkiri bí aṣòfin tí ọdún ìbò kù sí dẹ̀dẹ̀? Ẹ kú ooru, ẹ kú ìrètí òjò. Èmi wà láàyè, ṣùgbọ́n eyín mi dín méjì. Ọ̀nà tí eyín méjèèjì gbà lọ ni lẹ́tà yìí dá lé.

Láti ọjọ́ tí mo ti dárúkọ Ilé Ìbòòji fún ọ lórí fóònù ni o kò ti gbé ìpè mi mọ́. N kò bínú. Ẹni tí wọ́n bá tọ́ dàgbà nílé àwọn ọmọ aláìlẹ́nìkan ní Iléṣà lẹ́tọ̀ọ́ láti má fẹ́ gbọ́ orúkọ ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà, tí mo sì fi rán awakọ̀ tó ń ná Ifẹ̀wàrà, nítorí lẹ́tà kò ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ pa. O lè fà á ya, ṣùgbọ́n wàá ti ka ìlà méjì.

O rántí Alága, kóbókò tí Mọ́mì máa ń gbé kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kàlẹ́ńdà. (Wọ́n ní kí n máa pe Mọ́mì, tó ni ilé náà, ní Ìyáàfin Adéjọbí nínú ìwé ẹ̀sùn. Mọ́mì ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ, kí n tó pa á rẹ́.) Nígbà tí àwa mọ́kànlá tí a gbé ilé náà rí kó ara wa jọ lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n ní kí n wá ṣe alága ẹgbẹ́, ẹ̀yìn mi ló kọ́kọ́ dáhùn. Wọ́n yàn mí nítorí pé mo lọ sí Pólì, mo sì ń ṣe ètò ẹ̀fẹ̀ lórí rédíò. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá lè mú èèyàn rẹ́rìn-ín láàárọ̀ ọjọ́ Ajé lè mú ìjọba ṣe nǹkan.

Mo kọ lẹ́tà mẹ́sàn-án sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. A kò béèrè ọ̀run. A ní kí wọ́n máa yọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, kí ọmọ máa rí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé kì í ṣe Mọ́mì ló ń san owó oṣù rẹ̀, kí ẹnì kan ṣoṣo má ṣe máa dá ọmọ mọ́kàndínlógún tọ́. A ní tí ọmọ bá sì pé ọdún méjìdínlógún, kí wọ́n má kàn já a sílẹ̀ ní gáréèjì pẹ̀lú báàgì ọ̀rá kan, bí wọ́n ṣe já èmi àtìwọ sílẹ̀. Mẹ́jọ àkọ́kọ́ kò ní èsì. Mo wá di òṣómàáló, mo lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà wọn fún ọjọ́ mẹ́rin, títí Àlàájà Kàósárà, ọ̀gá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀, fi bi mí bóyá n kò nílé ni. Mo ní mo ti gbé Ilé Ìbòòji rí. Ó bi mí lórúkọ. Mo ní Málọmọ́, pé ẹni tó sọ mí lórúkọ náà ló lọ. Ó jókòó, ó ka lẹ́tà kẹsàn-án.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì, ó mú èmi àti òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan lọ sí Iléṣà. Ó ti ránṣẹ́ pé aago méjìlá ọ̀sán la ń bọ̀, ṣùgbọ́n aago méje àárọ̀ la dé. Mọ́mì ti múra sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì, bébà ọjà ṣì wà lára wọn. Wọ́n ti yọ Alága lórí ìṣó, ibi tó ti ń gbé sì mọ́ ju ara ògiri tó kù lọ. Mọ́mì ti kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ohun tí wọn yóò sọ fún àlejò. Ohun tí wọn yóò sọ fún òun fúnra rẹ̀ ni kò rántí láti yí padà.

O mọ ohun tí mò ń sọ. Níbi gbogbo nílẹ̀ wa, bí wọ́n bá ṣe ọmọ lóore lónìí, ó gbọ́dọ̀ dúpẹ́ láàárọ̀ ọ̀la. Ilé Ìbòòji nìkan ni mo mọ̀ tí wọ́n ti ń dúpẹ́ ẹgba. Ẹni tí wọ́n bá nà lánàá, tí kò bá kúnlẹ̀ kó ní “Ẹ ṣé àná, Mọ́mì,” aláìmoore ni, wọn yóò sì tún un nà. Ó mọ́ mi lára débi pé nígbà tí olùkọ́ kan já mi kulẹ̀ nínú ìdánwò ní Pólì, mo lọ kí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé ẹ ṣé àná.

Mọ́mì jáde láti yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín àlejò lẹ́nu. Àwọn ọmọ mọ́kàndínlógún tò, wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní, “Ẹ ṣé àná, Mọ́mì!”

Inú Àlàájà dùn. Ó ní, “Máṣà Alláhù! Ẹ wo ọmọ tí a kọ́ tó gbọ́! Kí ni Mọ́mì fún yín lánàá?”

Ohun tí àgbà èyíkéyìí máa béèrè ni. Mọ́mì yára dáhùn pé ìrẹsì ni, ìrẹsì àti ẹja. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá kan tó wà níwájú, Tiwalolúwa, gbójú sókè bí ẹni tó fẹ́ tún ìṣirò ṣe.

Ó ní, “Ẹgba ni, mà. Èmi méjìlá, àwọn tó kù mẹ́fà mẹ́fà. Èmi ni mo da iyọ̀ nù.”

Apá òsì rẹ̀ wú bí iṣu, ó fi ọ̀tún gbé e dání. Àlàájà bi í pé ọwọ́ yẹn ńkọ́.

“Ìyẹn ti ìjẹta, mà. Mo ti dúpẹ́ ìyẹn.”

Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wá gbólóhùn tó lè pa gbogbo ilé lẹ́nu mọ́ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò.

Ọwọ́ Mọ́mì kò dúró kí orí rẹ̀ ronú. Ó fọ́ ọmọ náà létí lójú gbogbo wa, ọmọ náà fi orí sọ ògiri, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Mo fò sáàárín wọn. Ògúnfẹ́mi, gáàdì tí ìwọ náà mọ̀, tó ti darúgbó ṣùgbọ́n tí apá rẹ̀ kò tíì gbọ́ ìròyìn náà, ti géètì pa, ó fa pákó tí wọ́n fi ń dábùú ìlẹ̀kùn yọ, ó sì là á mọ́ mi lẹ́nu. Eyín kan bọ́ sílẹ̀, mo gbé ìkejì mì. Ó fi bàtà tẹ̀ mí lọ́rùn, ó ń bi mí bóyá mo ti gbàgbé òun. Àlàájà ń pe ọlọ́pàá lórí fóònù. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti fo ògiri.

Nígbà náà ni àwọn ọmọ dìde lórí ìkúnlẹ̀ wọn. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé kò sẹ́ni tó rán wọn. Wọ́n bo Ògúnfẹ́mi bí ìjàlọ. Wọ́n gé e jẹ létí, wọ́n gé e jẹ níka. Ọmọbìnrin kan gbé orógùn wá láti ilé ìdáná, ó ń fi lu orúnkún rẹ̀ títí mo fi gbọ́ tó dún bí igi gbígbẹ. Ògúnfẹ́mi ń ké pe ìyá rẹ̀. Ọmọ kan tí kò ju ọdún méje lọ fi ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé, “Ẹ máa dúpẹ́ lọ́la, sà.”

Mo rẹ́rìn-ín, Adétutù. Mo nà gbalaja nínú ẹ̀jẹ̀ ara mi, mò ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí, nítorí mo rí i pé wọ́n ti kọ́ ohun tí ilé náà fi kọ́ wọn ní àkọ́yege. Èmi ni mo wọ́ Ògúnfẹ́mi jáde lábẹ́ wọn.

Ọlọ́pàá gbé Mọ́mì. Wọ́n pín àwọn ọmọ sọ́dọ̀ àwọn tó lè gbà wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Tiwalolúwa, tí a ń pè ní Tiwa, wà ní ilé tí mò ń gbé níbí, lọ́dọ̀ Màmá Ọ̀ṣunfúnkẹ́, onílé mi. Egungun apá rẹ̀ ti ń so pọ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n Mọ́mì jáde látìmọ́lé ní ọjọ́ kẹta. Ìgbìmọ̀ kan yóò jókòó ní Òṣogbo níbí ní Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́ oṣù yìí, láti pinnu bóyá kí wọ́n dá ilé àti àwọn ọmọ padà fún un. Èèyàn mẹ́rìnlá ti kọ̀wé pé ìyá rere ni. Àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ náà sọ fún mi pé, “Málọmọ́, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.” Mo bi í pé ilé wo ni wọ́n kọ́ fún wa tí a fẹ́ tà. Ó ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Mo ní ọ̀tún ni Mọ́mì fi ń di Alága mú, òsì ló fi ń fa ọmọ sún mọ́ ọn. Kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹ̀rí mi kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, pé ẹlẹ́fẹ̀ ni mí, ta ló mọ ìgbà tí mò ń ṣeré? Àwọn ọmọ ńkọ́? Wọ́n ní ọmọ tó lu gáàdì ti fi irú ẹni tó jẹ́ hàn. Apá Tiwa ńkọ́? Mọ́mì ní orí igi máńgòrò ló ti já bọ́. Àgbàlagbà ni wọ́n ń fẹ́, ẹni tó ní ilé àti ọkọ, tí kì í ṣeré lórí rédíò, tí àpá ilé náà sì wà lára rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tí àpá ojú áyọ́ọ̀nù wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sókè.

Àlàájà ti ṣètò pé obìnrin mẹ́ta péré ni yóò wà nínú yàrá, ìlẹ̀kùn yóò wà ní títì. Kò sí fọ́tò, kò sí rédíò, kò sí èmi. Bí o bá ti sọ fún Awóyẹmí pé omi gbígbóná ló dà sí ọ lẹ́yìn, kò ní gbọ́ òmíràn lẹ́nu mi. Mo mọ̀ pé ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ sí kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n bí ilé náà bá padà sọ́wọ́ Mọ́mì, Tiwa náà padà nìyẹn, Mọ́mì sì ti sọ fún un lójú Àlàájà pé, “A ó jọ rí ara wa.” N kò kọ ìyẹn láti dẹ́rù bà ọ́. Ìwọ mọ ẹ̀rù jù mí lọ.

Jẹ́ kí n sọ ti Màmá Ọ̀ṣunfúnkẹ́ fún ọ. Ọlọ́ṣun ni, Mùsùlùmí ni ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ẹ̀sìn méjèèjì ló sì fi ń bá àwa ayálégbé wí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pè mí sí ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń rẹ́ ilá. Ó ní, “Málọmọ́, ọmọ tí o mú wá yìí kò lẹ́kọ̀ọ́ o. Mo ra bàtà fún un, ilẹ̀ mọ́, kò dúpẹ́. Mo rán aṣọ fún un, kò dúpẹ́. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tí mo fẹ́ pa jẹ.” Mo sọ ohun tí ọpẹ́ àárọ̀ jẹ́ níbi tí Tiwa ti wá fún un. Ọ̀bẹ dúró sínú ilá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Tiwa ń fi ọwọ́ kan gbálẹ̀. Màmá jáde sí i, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ó dúró níwájú rẹ̀, ó ní, “Tiwa, o ṣé àná o. Abọ́ tí o fọ̀ mọ́.”

Tiwa wo ẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó rí i pé òun ni, ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sì sunkún dọ́sàn-án. Màmá kò yé kí i bẹ́ẹ̀ láràárọ̀. Láàárọ̀ òní, Tiwa ní, “Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ ṣé bàtà.” Orí ìdúró ló ti sọ ọ́. Màmá kò bá a wí.

Bá mi kí Awóyẹmí, sọ fún un pé kó fi àdá sílẹ̀ fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn pọ̀. Bá mi gbé Tómilọ́lá jó. Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá yóò máa padà bọ̀ ní Ọjọ́rú, ọjọ́ tó ṣáájú ìjókòó náà. Mo ti ní kó fi àyè kan sílẹ̀ níwájú.

Ohun kan ló kù. Ní ọdún 2008, agolo mílíìkì tó pòórá ní sítọ̀, èmi ni mo jí i. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àwa méjèèjì. Mọ́mì ti finá sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, ó bi wá pé ta ni, ìwọ lo dìde. Nígbà tí o ń ké nínú yàrá rẹ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo wà. Mo mu mílíìkì náà tán, nítorí mo ti ṣí i. Ilẹ̀ mọ́, o kúnlẹ̀, o dúpẹ́ lọ́wọ́ Mọ́mì. Èmi kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, láti ọjọ́ náà títí di òní. Bí o wá o, bí o kò wá o, èyí kò sí lára ẹ̀bẹ̀ tí mò ń bẹ̀ ọ́:

Adétutù, o ṣé àná.

                                        Èmi ni ẹni tí o gba ìyà rẹ̀ jẹ,
                                        Málọmọ́.