Fóònù Yín Wà Nínú Báàgì Mi

Bàbá Suhail,

Ohun tó sú sí yín lẹ́nu yẹn kì í ṣe ibà. Ẹ̀yin náà gbọ́ lẹ́nu dókítà lánàá: ìrònú iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun ara yín sinmi, àárẹ̀ wọn ni àìsàn rí tó fi ń wọlé. Ẹ má ra oògùn ibà kankan mọ́ ní Agbowó.

Láàárọ̀ yìí, ìrì ṣì wà lójú fèrèsé, ẹ ń rẹ́rìn-ín lójú oorun bí ọmọ ọwọ́. Àfi bí ẹ ṣe ní, "Kò sí wàhálà, sà." Nínú oorun pàápàá! Mo bá fi fóònù yín sínú báàgì mi.

Ẹ̀kọ wà nínú kúlà. Ẹ mu ún, kí ẹ padà sùn.

Ọ̀gá yín ti pè láti Dùgbẹ̀. Èmi ni mo gbé e. Mo ní, "Wàhálà wà, sà."

Àbẹ̀ḿbí