Àbẹ̀kẹ́ Fi Oúnjẹ Sílẹ̀ Nínú Àwo

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Láti àárọ̀ ni mi ò ti lè jókòó jẹ́ẹ́. Mo gbálẹ̀ tán, mo tún un gbá. Mo fọ aṣọ tí kò dọ̀tí. Ìgbà tí kò sí ohun tí mo lè ṣe mọ́ ni mo mú ìwé.

Ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́ ni, ọmọ-ọmọ yín. Ó ti sanra gan-an ju bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lọ, kì í sì í ṣe irú èyí tí àwọn èèyàn fi ń yin ọmọ. Tó bá ń gun àtẹ̀gùn ilé wa, á dúró láàárín, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Orúnkún ń dùn ún. Nílé ẹ̀kọ́, tí wọ́n bá ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe máa yan fún àjọ̀dún Rẹfolúsíọ̀n tí ìjọba ń ṣe, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń tò ó sí.

Mo mú un lọ bá dókítà obìnrin kan tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé. Mo rò pé oògùn ló máa kọ fún wa, àfi ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí a ṣe ń jẹun nílé. Mo sọ̀rọ̀ yín fún un, Bàbá. Mo sọ bí ẹ ṣe máa ń jókòó ti Àbẹ̀kẹ́, tí ẹ óò máa fi ìka kan etí àwo rẹ̀ títí tí àwo yóò fi mọ́. Mo sọ nípa ebi tó pa yín ní kékeré ní Kétu, nígbà tí àwọn Faransé kó àwọn ọkùnrin lọ lànà tipátipá, tí koríko sì gba oko. Kò dá yín lẹ́bi.

Ó ní, "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ọmọ yìí kò mọ ìgbà tó yó. Àwo ló ń sọ fún un."

Ó ní kí n máa bu díẹ̀ fún un, kó jókòó jẹ ẹ́, kó má kánjú. Tó bá jẹ ẹ́ dé ìdajì, kó gbé ṣíbí sílẹ̀, kó bi ikùn rẹ̀ bóyá ebi ṣì wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, kó fi ìyókù sílẹ̀. Kí n má bínú, kí n má sì yìn ín pé àwo mọ́.

Báwo ni èmi, ọmọ yín, ṣe fẹ́ sọ fún ọmọ pé kó fi oúnjẹ sílẹ̀?

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìrẹsì àti ẹ̀wà ni mo sè. Àbẹ̀kẹ́ gbé ṣíbí sílẹ̀, ó wojú mi, ó tún gbé e, ó jẹ ẹ́ tán. Ìgbà tó yá ló ṣẹ́ díẹ̀ kù. Bó ṣe dìde báyìí, mo fa àwo náà, mo sì ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó padà wá mu omi, ó bá mi níbẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ bi ikùn yín?"

Ẹnu mi kún.

Lẹ́yìn náà ni mo rí kúlíkúlí lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Mo pariwo, mo ti àpótí oúnjẹ pa. Ó bá ń lọ jẹun nílé àwọn ará àdúgbò. Dókítà ní kí n ṣí àpótí, kí n wo ìgbà tó máa ń jẹ ẹ́. Ìgbà tó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé ni, tí kò bá ẹnì kankan nílé. Ìjọba ti gbé bàbá rẹ̀ lọ kọ́ àwọn ọmọ ní apá àríwá. Èmi wà ní ọ́fíìsì ní pọ́ọ̀tù ọkọ̀ òkun, nínú ìpàdé Rẹfolúsíọ̀n tí kì í tètè tán. Kí ẹ tó papò dà, ẹ̀yin lẹ máa ń ṣílẹ̀kùn fún un nígbà yẹn, Bàbá. Ṣé ebi ló ń pa á, àbí ẹ̀yin ló ń wá?

Mo lọ sọ fún ọ̀gá mi pé mi ò ní lè máa dúró ṣèpàdé lójoojúmọ́ mọ́.

Ó ní, "Kámáráádì, gbogbo wa la lọ́mọ nílé."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Tèmi ń jẹun torí pé ó dá wà."

Kò tíì fún mi lésì. Ẹni tó bá ń sá fún ìpàdé, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ létí ìjọba, ìdí nìyẹn tí ara mi kò fi balẹ̀. Síbẹ̀ mo ti ń tètè délé. A máa ń fi okùn fò, èmi àti òun, nínú àgbàlá, títí yóò fi máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, a lọ sí etíkun ní Sèmè. Mo ra ẹja díndín àti ẹ̀kọ àkàsà. Ó jẹ díẹ̀díẹ̀, ó dúró, ó ní, "Mo ti yó," bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá. Ó dìde, ó lọ ń bá ìgbì òkun sáré. Èmi jókòó ti ìdajì ẹja náà. Ọwọ́ ń yún mi. Mo sunkún díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kàn án.

Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣì ń fún un. Dókítà ní á pẹ́.

Ṣé ẹ bínú, Bàbá? Ẹ má bínú. Ebi tí ẹ bẹ̀rù fún wa kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ dènà rẹ̀.

Mo nífẹ̀ẹ́ yín, àárò yín sì ń sọ mí.

Ọmọ yín obìnrin, ní Kútọnu.