Ewé Omidan àti Ojú Bàbá Mi

                                                            Ilé Kẹrìndínlógún,
                                                            Òkè Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                                            Òpópónà Ilé-Ẹ̀kọ́.
                                                            Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá,
                                                            oṣù Kẹwàá, ọdún 2024.

Olódòdó, ọ̀rẹ́ mi tí mi ò jẹ́ fi ṣe pàṣípààrọ̀,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tí eyín rẹ̀ ń ká, tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu bí àgbàlagbà? Ṣé ibi iṣẹ́ tuntun náà ti ń mọ́ ọ lára? O sọ nínú lẹ́tà rẹ pé àtẹ̀gùn ibẹ̀ pọ̀, pé ẹ̀yìn ń dùn ọ́. Kú ìrọ́jú o, kú àtẹ̀gùn. Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ti ga jù mí lọ, ó sì ń fi í yangàn lójoojúmọ́ ayé. Èmi náà ṣì wà nídìí máṣíìnì, ibi tí o fi mí sí.

Mo mọ̀ pé ó ti ń ṣe ọ́ bákan. O mọ̀ mí: bí mo bá kí ènìyàn gùn báyìí, nǹkan wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ó wà lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ Omidan ni, ewéko Màmá rẹ. Jókòó kí o tó ka ìyókù.

Ó ti gbẹ. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n má baà máa yí i po.

Ìwọ náà á rántí ọjọ́ tí o gbé e wá. O gbé e mọ́ra nínú ọkọ̀ títí ẹ fi dé ẹnu ọ̀nà wa, o ò jẹ́ kí awakọ̀ ṣí fèrèsé, ọkùnrin náà ń làágùn, ó ń wò ọ́ bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Mo ṣì ń fi ọjọ́ yẹn rẹ́rìn-ín. Àwọn igi rẹ̀ dúdú, wọ́n tín-ín-rín bí òwú tí mo fi ń rán ṣòkòtò, ewé wẹ́wẹ́ sì kún orí wọn, wọ́n ń gbọ̀n bí ènìyàn bá ti mí sí wọn lára. O ní ọdún mọ́kànlá ni Màmá fi tọ́ ọ, pé nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ, òun nìkan ló ṣì ń dàgbà. O ní yàrá tí wọ́n fún yín lọ́hùn-ún ṣókùnkùn, kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀ títí ẹ ó fi rí ilé gidi. Mo ní kò sí wàhálà. Ẹnu mi yá jù.

Bàbá mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Oṣù méjì péré ni wọ́n tíì lò lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. O mọ iṣẹ́ wọn: ọdún méjìdínlógójì nínú yàrá fáìlì, ìwé ilẹ̀, ìwé ìbí, ìwé òkú, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ wọn. Ẹni tí kò jẹ́ kí ọ̀gá wọlé láì nu ẹsẹ̀ wá di ẹni tó ń jókòó láti àárọ̀ títí di alẹ́, tó ń gbọ́ ariwo máṣíìnì mi. Wọn kì í ka ìwé ìròyìn mọ́, wọn kì í yọjú síta. Mo rò pé ìfẹ̀yìntì ló ń dà wọ́n láàmú. Nígbà tí mo wá rí bí wọ́n ṣe ń bi ọ́ ní ìbéèrè lórí ìbéèrè nípa Omidan, inú mi dùn, mo ní àwọn ni alábòójútó rẹ̀ láti òní lọ. Wọ́n nà ró lórí àga. O rí i fúnra rẹ.

O kọ ìtọ́sọ́nà sílẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ tó máa ń kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Kó wà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kí oòrùn má ta á. Kí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ má gbẹ láéláé. Kí omi wà nínú àwo òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí atẹ́gùn má fẹ́ lù ú. Balùwẹ̀ ló dára fún un jù. Ṣé o mọ ohun tí Bàbá ṣe sí ìwé náà? Wọ́n ṣí fáìlì fún Omidan! Wọ́n ki ìwé rẹ bọ inú rẹ̀, wọ́n fi okùn dì í, wọ́n tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo ní ẹni tó mọṣẹ́ ni. Mi ò bi ara mi bóyá wọ́n kà á.

Wọn ò kà á. Èyí tí o fi ẹnu sọ, pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ pa ewé rẹ̀, ìyẹn nìkan ni wọ́n mú, wọ́n sì mú un bí òfin. Ìyókù, ọgbọ́n yàrá fáìlì ni wọ́n fi ṣe é. Ní yàrá fáìlì, ọ̀rinrin ni ọ̀tá. Òun ló ń mú ìwé bu, òun ló ń ránṣẹ́ pe ikán. Ni Bàbá bá da omi inú àwo nù, wọ́n kó èédú síbẹ̀ kó máa fa ọ̀rinrin. Wọ́n gbé Omidan kúrò ní balùwẹ̀, wọ́n gbé e sí ojú fèrèsé yàrá wọn kí atẹ́gùn lè máa rí i. Ọjọ́ Ajé nìkan ni wọ́n ń fún un ní ife omi kan, torí ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń yẹ pẹpẹ wò níbi iṣẹ́. Láti ìdí máṣíìnì ni mo ti ń béèrè lójoojúmọ́ pé báwo ni Omidan, wọ́n á ní ara rẹ̀ le. Aṣọ ilé-ìwé ló kún ọwọ́ mi nígbà náà. Mi ò yọjú wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wọlé lọ wá àlùmọ́gàjí tí wọ́n yá lọ́wọ́ mi. Bàbá jókòó ti fèrèsé, Omidan wà níwájú wọn. Kò ku ewé tútù kan. Gbogbo rẹ̀ ti pọ́n, ó ti ká jọ, ìdajì ti gbọ̀n sílẹ̀ lẹ́bàá bàtà wọn. Bàbá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n nawọ́ sí i.

“Wò ó bó ṣe tutù yọ̀yọ̀,” ni wọ́n wí.

Kí n má purọ́ fún ọ, ìwọ lo kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, pé kí ni màá sọ fún Olódòdó. Lẹ́yìn náà ni mo tó wo ẹyinjú Bàbá dáadáa. Mo ní ẹ kú iṣẹ́, mo mú àlùmọ́gàjí, mo jáde.

Ohun tí mo wá ṣe tẹ̀lé e, ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Aránṣọ ni mí, mo rò pé gbogbo ohun tó ya ló ṣeé lẹ̀. Mo lọ bá ẹni tó ń ta òdòdó lẹ́yìn ilé ìfowópamọ́, mo ra òmíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì. Nígbà tí Bàbá ń wẹ̀, mo fa ti Màmá yọ, mo jù ú sẹ́yìn ilé níbi tí omi ìfọṣọ ń ṣàn gbà, mo gbin tuntun sínú ìkòkò náà. Mo ní Bàbá ò ní tijú, ìwọ ò ní gbọ́, ilé á tòrò.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò lò ju ọjọ́ méjì. Ọjọ́ Ajé pé, Bàbá fún un lómi, wọ́n ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀, wọ́n sì pè mí. Wọ́n ní iyẹ̀pẹ̀ yìí tuntun, níbo ni mo gbé èyí tí àwọn ń tọ́jú sí? Mo fẹ́ sọ pé iyẹ̀pẹ̀ nìkan ni mo pààrọ̀. Ẹnu mi ò gbà á. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn.

“Ó ti kú, Bàbá. Ṣé ẹ ò rí i ni?”

Wọ́n nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ìka wọn.

“Mi ò rí i,” ni wọ́n wí. “Ó ti tó ọdún kan tí mi ò rí àwọ̀ ewé. Ìwọ gan-an, ohùn rẹ ni mo fi ń mọ̀ ọ́.”

Ọ̀rẹ́ mi, mo sunkún bí ọmọdé. Ọkùnrin tí mò ń gbé oúnjẹ fún láràárọ̀! Wọ́n wá tú gbogbo rẹ̀ fún mi. Ọjọ́ ìfẹ̀yìntì wọn ò tíì pé rárá. Fáìlì kan ni wọ́n fi síbi tí kì í ṣe àyè rẹ̀, gbogbo ọ́fíìsì wá a fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ojú ni, wọ́n ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá sọ fún mi, mi ò ní jẹ́ kí àwọn dá ṣe nǹkan kan mọ́, màá máa fà wọ́n lọ́wọ́ kiri. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mi ò wo ojú baba mi dáadáa láti ìgbà tí wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ wa, kí ni kí a pe tèmi?

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lẹ́yìn náà ni ibi tí mo ju Omidan sí. Mo lọ gbé e wá. Omi ìfọṣọ ti rin gbòǹgbò rẹ̀, ibẹ̀ nìkan ló ṣì tutù lára rẹ̀. A ṣí fáìlì, mo ka ìwé rẹ sí wọn létí láti òkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi àwo omi, wọ́n fi ọwọ́ bo ojú. A gé gbogbo ẹ̀ka gbígbẹ mọ́lẹ̀, a dá a padà sínú ìkòkò rẹ̀, a fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, a gbé e sí balùwẹ̀. Àràárọ̀ ni Bàbá ń fi ìka wọn yẹ iyẹ̀pẹ̀ wò, kò sì gbẹ rí láti ọjọ́ náà. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, kò tíì hù. Ó ṣeé ṣe kó má hù mọ́. Èyí tí mo rà wà lójú fèrèsé mi, ó tutù dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò ní pè é ní ti Màmá.

A lọ rí dókítà ojú. Obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Ó ní ohun kan ti ṣú bo ẹyinjú méjèèjì, pé wọ́n lè mú un kúrò, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ sí i, òun ò ní lè ṣèlérí. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ àti òjìji tí àwọn ń rí yìí sàn ju òkùnkùn biribiri lọ, àwọn ò ní fi èyí tó kù ta tẹ́tẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n, ọkọ mi bẹ̀ wọ́n, ọmọ mi kúnlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pàbó. Ẹ̀rù ń bà mí, Olódòdó, torí ọjọ́ ń lọ, èmi náà sì mọ̀ pé ojú kì í ṣe aṣọ tí mo lè tú kí n tún rán.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, wọ́n ṣàdédé bi mí bóyá mo ti kọ̀wé sí ọ. Mo ní rárá, mo ń dúró kó kọ́kọ́ hù ná, kó lè rọrùn láti sọ.

“O ṣì ń fi bò nìyẹn,” ni wọ́n wí. “Èmi náà ń fi bò. Kọ̀wé sí ọmọ náà, kí èmi náà lọ ṣe ojú.”

Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí nìyẹn. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ la ó lọ. Mo mọ̀ pé ohun tí o kà yìí á dùn ọ́, torí ó ń dun èmi náà bí mo ṣe ń kọ ọ́. Bínú sí mi bó ṣe wù ọ́, mo jẹ̀bi, o ní ẹ̀tọ́ sí i. Bàbá ni mo bẹ̀ ọ́ pé kí o má bínú sí.

Bá mi kí ọkọ rẹ dáadáa, kí o sì sọ fún un pé ṣòkòtò rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ mi ti parí, kó yéé fi orúkọ mi ṣeré níbi iṣẹ́. Kí àwọn ọmọ, kí ẹni tí eyín rẹ̀ ń ká ní àkíyè. Ọkọ mi ní kí n kí ọ, ọmọ rẹ gíga náà kí ọ.

Èmi ni, tìrẹ síbẹ̀, bí o bá ṣì ń fẹ́,

Abẹ́rẹ́.

Mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ pa ni Bàbá ní kí n kà á sí àwọn létí. Mo kà á. Wọn ò yọ nǹkan kan kúrò. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, mo fi ìka wọn lé ibi tí ààyè kù sí. Ìlà wíwọ́ tó wà nísàlẹ̀ yìí, ọwọ́ wọn ni:

Ọmọ mi, èmi ni mo pa á. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ó ṣe ojú mi. Jọ̀wọ́, má tíì gba ìkòkò rẹ.