Àyè Mọ́tò Rẹ Nínú Ṣọ́ọ̀bù Mi

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ìgbà tí ìyá rẹ ṣí omi ẹ̀rọ nílé ìdáná, tí èyí tó ń dà sí mi lórí nílé ìwẹ̀ sì dáwọ́ dúró, tọṣẹtọṣẹ lójú mi, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ṣẹ̀ṣẹ̀ yé èmi bàbá rẹ. Mo pariwo pé ó ti yé mi o! Ìyá rẹ ní kí ló lè yé ẹni tí kò tíì ṣan ojú.

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ara le? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀nà dí mọ́ ọ. Àwa náà wà, àfi èjìká mi ọ̀tún tó ti sọ fún mi gbangba pé òun ò fa ayùn ọwọ́ mọ́. O ṣeun tó o fi àwọn ẹ̀rọ káfíńtà yẹn ránṣẹ́, ayùn ńlá, ìfági oníná, àti èyí tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú pákó mì bí ẹni tí ebi ń pa.

Mo kó wọn sí gáréèjì ilé wa tí mo fẹ́ sọ di ṣọ́ọ̀bù, mo sì ki gbogbo wọn bọ wáyà oníhò mẹ́rin kan ṣoṣo. Ihò kan ṣẹ́kù, mo bá fi áyọ́ọ̀nù ìyá rẹ dí i. Má rẹ́rìn-ín. Nínú iṣẹ́ tiwa, a kì í gbẹ́ ihò tí igi kan ò ní wọ̀. Bí mo ṣe tan ayùn báyìí, pàá! bíréékà já, ilé ṣókùnkùn. Mo tì í padà, ó tún já. Mo ní ó ti dẹ̀ ni. Ilẹ̀kùn tó bá dẹ̀, ègé igi la fi ń há a, mo bá gé ègé kékeré kan tó mọ́ dáadáa, mo fi há bíréékà.

Oníṣẹ́ iná tí ìyá rẹ sáré lọ pè wo ègé igi náà títí. Ó ní iṣẹ́ Bàbá mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ṣé ilé yìí ni Bàbá fẹ́ fi dáná? Ó ní jíjá yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n rán bíréékà, kí wáyà má baà gbóná títí táá fi gbiná. Ayùn ńlá gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mo ń mi orí, kò yé mi, àfi ìgbà tí omi dá mọ́ mi lórí lọ́jọ́ kejì. Páìpù kan, ẹni méjì; wáyà kan, ẹ̀rọ mẹ́rin!

Oníṣẹ́ iná ní kí n ya ibi tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa dúró sórí ìwé. Ìwé kẹ̀? Ilẹ̀ la máa ń ya nǹkan ńlá sí, ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya gbogbo gáréèjì, ìfági lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ga dé ìbàdí mi kí n má baà máa bẹ̀rẹ̀, iná méjì lókè kí òjìji orí mi má bo ìlà tí mo fẹ́ gé. Oníṣẹ́ iná yìn mí. Ó wá béèrè pé kí ni àyè gbọọrọ tí mo fi sílẹ̀ láàárín. Mo ní àyè mọ́tò ọmọ mi ni. Ìyá rẹ ní mọ́tò wo, èyí tí à ń wò nínú fọ́tò láti ọdún mẹ́ta? Ó ní bóyá mọ́tò náà ò mọ̀nà ilé, kó o kúkú fi hàn án.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Oníṣẹ́ iná ní àárín gan-an ni ayùn ńlá gbọ́dọ̀ dúró, torí pákó gígùn ń fẹ́ àyè níwájú àti lẹ́yìn. Abẹ́ ilẹ̀ ni wáyà rẹ̀ máa gbà, tí a bá sì ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, kò ṣeé yí mọ́. Ọjọ́ Ẹtì ló ń bọ̀ wá gbẹ́ ilẹ̀. Mi ò tọrọ owó lọ́tẹ̀ yìí, kí àyà rẹ balẹ̀. Kí iná ilé tìẹ náà má kú, kí èjìká rẹ pẹ́ kó tó ṣe bíi tèmi.

Mo ti fomi nu àyè mọ́tò yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tún fi ṣọ́ọ̀kì yà á padà lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ tó o kàwé, gbà mí nímọ̀ràn kó tó di ọjọ́ Ẹtì: ṣé kí n gbé ayùn síbẹ̀ ni, àbí ò ń bọ̀?