Vilmos, Wọn Ò Rí Ihò Dá Sí Iṣẹ́ Rẹ

Ọdún mẹ́rin rèé tí o lọ, Vilmos, àbúrò mi. Ikú rò pé òun mú ọ lọ tán. Irọ́ ló pa.

Èmi Borbála ni, ẹ̀gbọ́n rẹ tó máa ń fà ọ́ lọ́wọ́ lọ sílé ìwé nílùú Szeged. Emese ọmọ rẹ jókòó tì mí, ó ní kí n má ṣe àsọdùn. Mi ò ní ṣe é.

Nídìí ọbẹ̀ ẹja lo ti là mí lọ́yẹ nípa iṣẹ́ rẹ. O ní ohunkóhun tí kọ̀ǹpútà kan bá fi ránṣẹ́ sí èkejì, wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń dì í, bí ẹrù kéékèèké. Aṣọ́nà kan gbọ́dọ̀ wà tó ń yẹ ẹrù kọ̀ọ̀kan wò: èyí á wọlé, èyí á padà. Aṣọ́nà yẹn lo fi ayé rẹ kọ, sínú ọkàn ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń lò lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò, kó sì tún ṣe. Ilé ìwòsàn gbára lé e. Ilé ìwé gbára lé e.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe amí èèyàn wá bá ọ, wọ́n ní kí o dá ihò kékeré kan sí i, èyí tí àwọn nìkan á mọ̀. O ní, "Ọ̀gá, ẹ wá ẹlòmíì. Èmi ò bí ọmọ kí n tún fọ́ ọ lójú."

Àìsàn ẹ̀jẹ̀ mú ọ lọ. Wọ́n ní iṣẹ́ náà bá ọ kú.

Òdòdó orí sàréè rẹ ò tíì rọ tí ẹnì kan tí a ò mọ̀ rí fi àtúnṣe ránṣẹ́. Ó ní òun fẹ́ kí iṣẹ́ olóògbé túbọ̀ yá. Àwọn kan ti ń yìn ín. Emese kà á, ó tún un kà, ó wá pè mí.

"Àǹtí, ẹ wò ó. Ẹrù tó bá ní àmì yìí lára, aṣọ́nà ò ní yẹ̀ ẹ́ wò. Ihò tí wọ́n bẹ Bàbá fún nìyí."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Bí orúkọ mi."

Ó kọ ọ́ síbi tí gbogbo ẹgbẹ́ yín á ti rí i. Ọkùnrin náà fèsì: "Ọmọdébìnrin, lọ sinmi. Ọ̀fọ̀ ló ń dà ọ́ láàmú."

Emese dá a lóhùn: "Mò ń ṣọ̀fọ̀ lóòótọ́, ojú mi ò fọ́. Kí ni àmì yẹn wà fún?"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ní Finland àti Japan dán an wò, wọ́n rí ihò náà kedere, wọ́n sì da àtúnṣe ọ̀hún nù.

Láti ọjọ́ náà, Emese ló ń bójú tó iṣẹ́ rẹ. Piroska ìyàwó rẹ ti kan òrùlé ilé tí o fi sílẹ̀ láìparí. Ó bá àwọn káfíńtà jà títí wọ́n fi tún apá ibi tó ń jò ṣe. Ẹ̀dà tuntun iṣẹ́ yín jáde nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, orúkọ rẹ ló ṣì ṣáájú níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́, kó kọ́kọ́ wá bá wa.

Àwọn tó ń wá ihò ṣì máa padà wá. Kí wọ́n máa bọ̀.

Àárò rẹ ń sọ wá, Vilmos. A nífẹ̀ẹ́ rẹ gidigidi. À ń sunkún rẹ, ọwọ́ wa ò sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́.