Òpó Tẹ́ẹ́rẹ́ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yàrá Màmá

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ní Ìjàrè

Olúwa, mo dúpẹ́ pé màmá mi àti ọkọ mi kò jà.

Òpó iná tí ìjì wó lu yàrá màmá lọ́dún tó kọjá, irin tó ki ni látòkè délẹ̀. Ọlọ́run ló ní oko ni màmá wà nígbà náà. Òpó tuntun tí ọkọ mi jó irin rẹ̀ pọ̀ ní Oǹdó, ìdí rẹ̀ fẹ̀, orí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní ẹnjiníà Àkúrẹ́ tó yàwòrán rẹ̀ ti ṣírò ó: ìdí ni agbára ìjì máa ń dé sí jù, ibẹ̀ ni kí irin pọ̀ sí, kí orí fúyẹ́. Irin tó ṣẹ́kù, wọ́n á fi ṣe òmíràn.

Wọ́n rì í mọ́lẹ̀ lónìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá náà tí a ti tún ṣe. Màmá wò ó títí.

"Àna mi, ṣé irin tán lọ́jà ni? Èyí tó ki wó, ṣé èyí tó rí bí igi ẹ̀gẹ́ yìí ni yóò dúró?"

Ojú tì mí. Mi ò mọ ẹni tí n óò gbè.

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Màmá, ẹ yọ̀ọ̀da yàrá yẹn fún àwa méjèèjì lálẹ́ òní."

Ẹni tí kì í jẹun yó nílé àna! Màmá lọ gbé ẹní tuntun jáde.

Ìjì ti dé báyìí. Orí òpó ń mì, mo ń gbọ́ ìró wáyà. Ọkọ mi ti sọ fún mi pé yóò mì, pé mímì náà wà nínú ìṣirò. Mo gbà á gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ògiri, níhà òpó, ló sùn sí. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló fi mí sí.

Bí mo bá kọ èyí tán, n óò sún mọ́ ọn.